Ìrìnàjò Àpọ́n sí Kútọnu

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bọ̀wọ̀ fún àwòrán pásípọ́ọ̀tù. N kò sọ èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ fọ́ọ̀mù, tí ojú ènìyàn máa ń rí bí ojú ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ká mọ́ ìdí ewúrẹ́ olówó. Èyí tí mò ń wí ni àwòrán tí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ yà, níbi tó ti gbé pásípọ́ọ̀tù sókè dé ẹ̀rẹ̀kẹ́, tó wọ awò dúdú, tó sì wo ẹ̀gbẹ́ kan bí ẹni tí kò mọ̀ pé wọ́n ń ya òun. Ìyìn ni fún ọ, ìwọ àwòrán ọlọ́lá. Ìwọ lo sọ akọ̀wé kékeré di aṣojú ìjọba lójú àwọn ọmọ ìyá rẹ̀. Ìwọ lo mú kí ẹni tó fi iyọ̀ lásán jẹ ẹ̀bà lánàá gbàgbé ẹ̀bà. Àwọn ọba àtijọ́ ní láti gun ẹṣin kí ayé tó mọ̀ pé wọ́n ń kọjá lọ. Ìwọ kò béèrè ẹṣin, ìwé pẹlẹbẹ aláwọ̀ ewé kan ti tó ọ. Ènìyàn lè má tíì kúrò ní Ifẹ̀, bó bá ti yà ọ́, gbogbo ayé á ti máa kí i pé ó kú ìrìn. Mo mọ obìnrin kan tó yà ọ́ lẹ́yìnkùlé rẹ̀, níbi tí aṣọ ọmọ ìkókó ti ń gbẹ lórí okùn. Wọ́n ṣàdúrà fún un títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fi irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Mo kàwé débi pé mo lè fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ lédè méjì.

Lọ́dún tí mo fẹ́ gbéyàwó, mo ti ń kọ́ni ní yunifásítì fún ìgbà díẹ̀, mo sì háyà yàrá méjì ní Ìlódè, lọ́dọ̀ lánlọ́ọ̀dù kan tó ń pè mí ní Dókítà níwájú àlejò, tó sì ń pè mí ní “ìwọ yìí” tí àlejò bá ti lọ. Kò jìnnà sí ilé náà ni ọ̀rẹ́ mi kan ti ń ta oògùn. Iwájú kẹ́míìsì rẹ̀ la máa ń jókòó nírọ̀lẹ́, lórí bẹ́ǹṣì tó ṣe fún àwọn aláìsàn. Àwa mẹ́ta ni: èmi, ẹni tó ni kẹ́míìsì, àti ọ̀rẹ́ wa kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní jọ́gíráfì. Láti ìgbà tí a ti jọ wà nílé ìwé gíga la ti ń jókòó báyìí. Àwọn méjèèjì ti gbéyàwó. Èmi nìkan ló kù.

“Kò bójú mu,” ni ọlọ́jà oògùn wí nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, “kí ọkùnrin kàn ṣàdédé ti yàrá àpọ́n bọ́ sí yàrá ìyàwó. Níbi tí ayé dé yìí, wọ́n ń gbé àpọ́n lọ sókè òkun ni, kó lọ fojú rí nǹkan fún ìgbà ìkẹyìn.”

“Nǹkan wo?” ni mo béèrè.

“Ṣé mo mọ̀ ọ́n? Nǹkan.”

“Ìyàwó rẹ ńkọ́?” ni tíṣà bi í. “Ṣé ó máa jẹ́ kó o lọ?”

“Ta ló ń jẹ́ baálé nínú ilé mi?” ló fi dá a lóhùn, ó sì bojú wẹ̀yìn.

Yorùbá kì í ṣe nǹkan láìní ìgbìmọ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú lọ́jọ́ náà, ọlọ́jà oògùn ti di Alága, tíṣà ti di Akọ̀wé, wọ́n ti dá gúrúùpù sílẹ̀ lórí fóònù, èmi sì ti di Ẹni À Ń Ṣe É Fún, ipò tí kò fúnni lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò.

Dùbáì la kọ́kọ́ lọ. Lórí bẹ́ǹṣì yẹn, a lo nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan ní Dùbáì, Alága ń fi ilé gogoro hàn wá lórí fóònù rẹ̀ bí ẹni pé òun ni yóò gba owó ilé lọ́wọ́ wọn. Físà ló lé wa kúrò níbẹ̀. A kó lọ sí Sansibá, nítorí Akọ̀wé fi hàn wá nínú máàpù pé kò jìnnà, pé ìka kan àtààbọ̀ ni. Owó bàálù lé wa kúrò níbẹ̀ náà. A dúró díẹ̀ ní Gánà, ṣùgbọ́n bóòdà mẹ́ta ló wà lọ́nà ibẹ̀, Alága sì ní ọkàn òun kò gbé ju ẹyọ kan lọ. Báyìí la ṣe ń rọra sún mọ́ ilé títí a fi dé Kútọnu, níbi tí mọ́tò lè gbé wa dé, tí ẹnikẹ́ni kò sì ní béèrè físà lọ́wọ́ wa.

“Ṣé òkè òkun wá ni Kútọnu?” ni mo bi wọ́n. “Àwọn tó ń ta aṣọ ní Enúwà ń lọ ra ọjà níbẹ̀. Mi ò tíì gbọ́ kí wọ́n pè wọ́n ní ará òkè òkun.”

Akọ̀wé ronú sí i. Ọkùnrin yìí mọ olú ìlú orílẹ̀-èdè gbogbo lábẹ́ ọ̀run, kò sì tíì sùn kọjá Ìbàdàn rí. “Faransé ni wọ́n ń sọ níbẹ̀,” ló wí. “Ibikíbi tó o bá ti lè sọnù kó o má lè béèrè ọ̀nà, òkè òkun ni.”

A gbà á bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta la máa lò. Nítorí pé owó oṣù wa kò mọ̀ pé a fẹ́ rìnrìn àjò, Alága ní ká ṣe é pọ́ọ́kú. Yàrá kan ṣoṣo la máa gbà, ní òtẹ́ẹ̀lì kan tí Alága ní òun ti bá sọ̀rọ̀. Èmi tí wọ́n ń yẹ́ sí ni n ó sùn sórí bẹ́ẹ̀dì, àwọn méjèèjì á tẹ́ ẹní tí a ó gbé láti Ilé-Ifẹ̀. A ó gbé gaàrì àti kúlíkúlí dání. A ó jẹun ní ilé oúnjẹ etí òkun lẹ́ẹ̀kan péré, ẹja ńlá kan ṣoṣo la ó sì rà, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á yàwòrán pẹ̀lú rẹ̀ kó tó di pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án.

Akọ̀wé ní òun gbọ́ pé káàdì ìdánimọ̀ lásán ti tó láti kọjá bóòdà yẹn. Alága wò ó bí ẹni pé ó tutọ́ sílẹ̀ nínú mọ́sálásí.

“Káàdì ìdánimọ̀ lo fẹ́ gbé sókè?” ló bi í.

Kò sí ẹni tó tún sọ̀rọ̀ káàdì ìdánimọ̀ mọ́. Alága ti ní pásípọ́ọ̀tù tirẹ̀ tipẹ́, kò lò ó rí. Èmi àti Akọ̀wé lọ sí Òṣogbo lọ ṣe tiwa. Owó tí mo fi ṣe ìwé náà, ǹ bá fi lọ sí Kútọnu kí n jẹ ẹja kí n sì padà.

Ẹ lè béèrè pé kí ló dé tí n kò sọ pé mi ò lọ. Mo fẹ́ sọ ọ́. Àràárọ̀ ni mo ń múra láti sọ ọ́ níwájú dígí. Mi ò fẹ́ràn òkun, mi ò fẹ́ràn kí ènìyàn méjì máa han-an-run nínú yàrá tí mo wà, mo sì ní ìyàwó tí mo fẹ́ fẹ́, òun nìkan ni nǹkan tí mo fẹ́ fojú rí. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí bàbá mi kú, àwọn méjèèjì yìí ló bá mi gbé òkú náà dé ojú oórì, tí Alága sì ń di ìyá mi mú kó má baà ṣubú. Ẹni tó bá ti bá ọ gbé òkú bàbá rẹ, kò rọrùn láti sọ fún un pé o ò fẹ́ bá a lọ sí etí òkun. Tí wọ́n bá ní, “Ọkọ ìyàwó, ṣé inú ẹ dùn?” èmi á ní, “Ẹ ṣeun.” Bẹ́ẹ̀ ni mò ń dúpẹ́ tí ilẹ̀kùn tí mo lè gbà jáde sì ń tì.

Lọ́jọ́ tí pásípọ́ọ̀tù wa jáde, Alága gba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó tò wọ́n bí abẹ̀bẹ̀ sórí káńtà onígíláàsì rẹ̀, láàárín oògùn ibà àti oògùn ikọ́, ó sì yà wọ́n. Ó gbé àwòrán náà sí sítátọ́ọ̀sì. Ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: “Àpọ́n wa ń lọ. Ẹ bá wa dúpẹ́.” Ó lẹ àwòrán mi mọ́ ọn.

Mo bú sẹ́rìn-ín. Mo sọ fún un pé ó kù kó wọ awò dúdú fún àwọn pásípọ́ọ̀tù náà.

Ẹni tí kò bá gbé láàárín wa láwọn ọdún wọ̀nyí lè má mọ ohun tí àwòrán yẹn sọ fún àwọn ènìyàn. Ní àdúgbò wa, ẹni tó bá fẹ́ japa kì í sọ. Á ní òun fẹ́ lọ kí ẹ̀gbọ́n òun ní Èkó. Á ní òun ń lọ ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ní Àbújá. Á fi aṣọ sórí okùn, á fi ìkòkò ọbẹ̀ sórí sítóòfù, á ní òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé. Ìgbà tó bá débẹ̀ ni yóò pè, ariwo òtútù á sì máa dún lẹ́yìn ohùn rẹ̀. Nítorí ayé ni wọ́n ṣe ń ṣe bẹ́ẹ̀, kí ẹnu má baà kan án, kí wọ́n má baà dá a padà ní pápákọ̀ òfuurufú. Gbogbo wa la mọ àṣà náà. Nítorí náà, bí ènìyàn bá ní òun kò lọ ibì kankan, a máa ń bá a dúpẹ́. Bó bá sì ní Kútọnu lòun ń lọ, fún ọjọ́ mẹ́ta péré, a mọ̀ pé Kánádà ni.

Ẹlẹgbẹ́ mi tí a jọ ń lo ọ́fíìsì ló kọ́kọ́ wá. Ó ti ilẹ̀kùn mọ́ra.

“Mo ti rí i,” ló wí. “Mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Fáànù yẹn, ta lo fẹ́ fi í sílẹ̀ fún?”

“Kútọnu ni mò ń lọ.”

“Mo mọ̀. Fáànù yẹn ni mo ń bi ọ́.”

“Mò ń padà bọ̀ lọ́jọ́ kẹrin.”

“Àmín,” ló wí, ó sì dì mọ́ mi.

Lọ́jọ́ kejì, lánlọ́ọ̀dù mú tọkọtaya kan wá wo yàrá mi nígbà tí mo wà nínú rẹ̀. Ó ní kí n má dìde. Ó ní wọ́n kàn fẹ́ wo bí afẹ́fẹ́ ṣe ń wọlé ni. Obìnrin náà wọn fèrèsé mi fún kọ́tìnì.

Ti ìyá mi ló dùn mí jù. Ẹnì kan ti fi àwòrán náà hàn wọ́n ní àsálátù lówùúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, gbogbo ẹgbẹ́ sì ti ṣàdúrà fún mi, pé kí n lọ ire kí n bọ̀ ire, kí àwọn aláwọ̀ funfun fojú rere wò mí. Ìyá mi wá sí Ìlódè pẹ̀lú àpò méjì. Èlùbọ́ wà nínú ọ̀kan, pẹ̀lú ata gígún àti ẹja gbígbẹ. Súwẹ́tà kan tó nípọn, òkìrìkà tí wọ́n rà lọ́jà, ló wà nínú èkejì.

“Wọ́n ní òtútù ibẹ̀ kì í ṣe kékeré,” ni wọ́n wí.

“Ìyá mi, Kútọnu ni mò ń lọ. Ó gbóná ju ibí lọ.”

“Mo ti gbọ́. Kútọnu ni.” Wọ́n wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀. “Èmi náà, Kútọnu ni mò ń sọ fún wọn. Kò sí ẹni tó máa gbọ́ ọ lẹ́nu mi.”

“Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá mi, òótọ́ ni mò ń sọ.”

“Mi ò bínú pé o ò sọ fún mi. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn.” Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ká súwẹ́tà náà, wọ́n tún un ká, wọ́n tún un ká, omi sì ń dà lójú wọn sórí rẹ̀. “Ṣáà máa pè mí.”

Mo jókòó ti ìyá mi nílẹ̀, mo di ọwọ́ wọn mú, n kò sì rí ọ̀rọ̀ kan sọ tí kò ní dà bí irọ́. Mo dà bí eku tó ki orí bọ agolo mílíìkì: orí wọlé, etí kò jẹ́ kó jáde. Bí mo bá ní mò ń lọ, mò ń lọ. Bí mo bá ní mi ò lọ, mo ti lọ.

Lẹ́yìn èyí ni bàbá ìyàwó mi ránṣẹ́ pè mí.

Kí ọ̀rọ̀ yìí lè yé yín, mo ní láti sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ilé náà ṣáájú mi. Àfẹ́sọ́nà mi ní ẹ̀gbọ́n obìnrin kan. Ẹ̀gbọ́n yìí ní ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ ẹ, wọ́n ti mọ ara wọn nílé, wọ́n ti pín ìwé ìpè, wọ́n ti bá oníkánópì sọ̀rọ̀. Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí wọ́n so yìgì, ọkùnrin náà ní òun fẹ́ lọ kí àwọn ará ilé òun ní Èkó. Kánádà ló ti pè. Ó ní òun yóò ránṣẹ́ sí ọmọbìnrin náà láìpẹ́, ọmọbìnrin náà sì dúró dè é títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Ó ṣì wà nínú ilé bàbá rẹ̀. Kò sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ lójú rẹ̀.

Nígbà tí mo pe àfẹ́sọ́nà mi lórí fóònù láti ṣàlàyé, ó gbọ́ mi títí mo fi sọ pé ọjọ́ mẹ́ta péré ni. Ó wá ní, “Nọ́ọ̀sì ni mí. Èmi ni gbogbo ènìyàn rò pé ó máa kọ́kọ́ sá.”

Ilé wọn kò jìnnà sí Enúwà. Bàbá rẹ̀, tí ẹbí wọn ti Ìwó wá, ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, wọ́n sì ṣì máa ń jókòó bí ẹni tó wà nídìí tábìlì. Wọn kò bínú sí mi. Ìbá sàn kí wọ́n bínú. Wọ́n ní kí wọ́n gbé omi tútù wá fún mi, wọ́n sì dúró títí mo fi mu ún tán.

“Wọ́n ní ò ń rìnrìn àjò,” ni wọ́n wí.

“Kútọnu ni, sà. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ló ní àwọn fẹ́ yẹ́ mi sí.”

“Ọjọ́ mélòó?”

“Ọjọ́ mẹ́ta, sà.”

“Ẹni àkọ́kọ́ yẹn ní ọjọ́ méjì.”

“Bàbá, mo fi Ọlọ́run búra fún yín…”

“Má búra. Òun náà búra. Orí àga tó o jókòó lé yẹn gan-an ló ti búra.”

Mo sún díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ lórí àga náà. Kò yí nǹkan kan padà.

“Mi ò ní kó o má lọ,” ni wọ́n wí. “Ọkùnrin ni ọ́, o kàwé jù mí lọ. Ṣùgbọ́n tó o bá kọjá bóòdà kí a tó so yìgì, má wulẹ̀ rán àwọn ẹbí rẹ wá síbí mọ́. Mi ò lè tún sọ fún ọmọ kejì pé kó máa dúró. Tó bá sì jẹ́ pé o ò lọ mọ́, mú ìwé yẹn wá, kí n bá ọ tọ́jú rẹ̀.”

“Ìgbà wo ni n ó gbà á padà, sà?”

“Tí ẹ bá ti bí ọmọ àkọ́kọ́. Ẹni tó ń dìde lóru fi omi gbígbóná po oúnjẹ ọmọ kì í ráyè sá.”

Àfẹ́sọ́nà mi sìn mí dé ẹnu ọ̀nà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń fọ abọ́ lẹ́bàá kànga. Ó kí mi dáadáa, kò sì gbójú sókè.

“Mo gbà ọ́ gbọ́,” ni àfẹ́sọ́nà mi wí.

“Ó dáa, bá mi sọ fún Bàbá.”

“Mo ti sọ. Ẹ̀gbọ́n mi náà sọ bẹ́ẹ̀ nígbà tiẹ̀.”

Mo ronú sí i ní gbogbo ọ̀nà, lẹ́yìn ọ̀kadà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí nǹkan tó yẹ kí n rò. Ọmọbìnrin yìí ni mo fẹ́. Kútọnu kò tó nǹkan tí ènìyàn ń tìtorí rẹ̀ pàdánù irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò lè ṣe bí ẹni pé kò sí ohun mìíràn nínú mi. Mo ń gbọ́ bí Alága yóò ṣe máa sọ ọ́ lórí bẹ́ǹṣì: ọkùnrin tó ní dìgírì, tí bàbá ìyàwó gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n ń gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ ọmọdé. Mo rí i pé bí mo bá lọ, ìyàwó ti bọ́. Bí n kò bá lọ, àwọn tó gbé òkú bàbá mi yóò sọ pé mo já wọn kulẹ̀. Ìwé tó yẹ kó gbé mi jáde ní ìlú ló wá há mi mọ́ àárín ilé méjì, nínú ìlú kan náà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo wọ aṣọ tó dáa, mo mú pásípọ́ọ̀tù náà, mo gbé e lọ sí Enúwà.

Bàbá fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Wọ́n wọ gíláàsì ojú wọn. Wọ́n ṣí i, wọ́n wo àwòrán mi, wọ́n wo èmi náà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ewé rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan títí dé òpin, bí ẹni tó ń ka ìwé tó ní ọ̀rọ̀.

“Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀,” ni wọ́n wí.

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

Wọ́n fi áńkáṣíìfù wé e, wọ́n ṣí àpótí kan, wọ́n sì fi í lé orí pásípọ́ọ̀tù tiwọn, èyí tí wọ́n fi lọ sí Mẹ́kà. Tiwọn ti gbó, igun rẹ̀ ti ká. Wọ́n pa àpótí náà dé, wọ́n sì béèrè bóyá mo ti jẹun. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ló gbé oúnjẹ wá. Lọ́jọ́ yẹn, ó gbójú sókè.

Nírọ̀lẹ́, mo lọ sí orí bẹ́ǹṣì láti lọ gba ìyà mi. Mo sọ gbogbo rẹ̀ láìmí. Akọ̀wé la ẹnu sílẹ̀. Alága mú ìgò oògùn ikọ́ kan, ó nù ún, ó gbé e padà síbi tó wà. Mo ń dúró de ọ̀rọ̀ nípa òkú bàbá mi.

“Bàbá yẹn,” ló wí, “ṣé wọ́n lè bá mi tọ́jú tèmi náà?”

“Tìrẹ báwo?”

“Láti ọjọ́ tí mo ti gbé àwòrán yẹn síta, ìyàwó mi kò fún mi lóúnjẹ. Ìyá rẹ̀ ti dé láti Ìkìrun. Wọ́n ní ta ni mo fẹ́ fi ọmọ sílẹ̀ fún.”

“Òtẹ́ẹ̀lì tó o ti gbà ńkọ́?” ni mo béèrè.

Ó tún mú ìgò náà. “Mo ní mo ti bá wọn sọ̀rọ̀. Mi ò ní mo ti sanwó.”

Akọ̀wé wò wá, ó fa èémí gígùn kan, ó ní ọ̀sẹ̀ ìdánwò ni ọ̀sẹ̀ tí a dá, pé ọ̀gá iléèwé òun ti kọ̀ fún òun látìbẹ̀rẹ̀, òun kàn ń wá bí òun ó ṣe sọ ọ́ ni. A jókòó síbẹ̀, àwa mẹ́ta. Ọkùnrin kan wá ra oògùn orí fífọ́. Alága tà á fún un tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

Níta, wọn kò dárí jì mí. Títí di òní, bí ọ̀rọ̀ bá dé ibẹ̀, Alága á ní gbogbo nǹkan ti tò, mọ́tò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbéra, ọkọ ìyàwó ló bà á jẹ́ nítorí ìbẹ̀rù àna. Èmi náà kì í jiyàn. Nígbà tí a so yìgì, òun ló dúró tì mí lọ́wọ́ ọ̀tún, ìyàwó rẹ̀ sì dúró tì í gbágbáágbá. Ìyá mi gbé súwẹ́tà náà pa mọ́. Wọ́n ní kò burú, pé tí àkókò bá tó, Ọlọ́run yóò sọ̀rọ̀. Ẹlẹgbẹ́ mi ní ọ́fíìsì bínú sí mi fún oṣù kan gbáko nítorí fáànù.

Pásípọ́ọ̀tù náà ṣì wà nínú àpótí ní Enúwà. A ò tíì bímọ. Gbogbo ìrìn tó rìn láyé kò ju láti Òṣogbo dé Ìlódè, láti Ìlódè dé Enúwà lọ.

Ó ku ohun kan. Ní òwúrọ̀ tí mo gbé e lọ fún Bàbá, mo tètè dé. Mo dúró lẹ́yìn ògiri ilé wọn, níbi tí oòrùn ti ń tàn dáadáa. Mo ronú pé n kò ní rí ìwé yẹn mọ́ fún ìgbà pípẹ́. Awò dúdú Akọ̀wé ṣì wà nínú àpò mi láti ọjọ́ tí a lọ sí Òṣogbo. Mo wọ̀ ọ́. Mo gbé pásípọ́ọ̀tù sókè dé ẹ̀rẹ̀kẹ́, mo wo ẹ̀gbẹ́ kan bí ẹni tí kò mọ̀ pé wọ́n ń ya òun. Àkọ́kọ́ kò dáa, mo tún un yà. Mo gbé e sí sítátọ́ọ̀sì.

Kí n tó kan ilẹ̀kùn, fóònù mi dún. Àfẹ́sọ́nà mi ló kọ̀wé ránṣẹ́. Ó ní, “Ẹ kú ìrìn, sà. Ògiri ilé wa nìyẹn lẹ́yìn yín. Bàbá ti ń dúró dè yín nínú ilé.”

Mo yọ ọ́ kúrò kíákíá, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn ti rí i. Èmi náà yà á.